Báwo ni wọ́n ṣe walẹ̀ ìdí òkúta Stonehenge tí kò fi wó pa wọ́n?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Milton Keynes là ń gbé, a fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ wo Stonehenge, àwọn òkúta ńlá àtijọ́ tí wọ́n nà ró yípo ní England, ní họ́lídè tó ń bọ̀ yìí. Dàmọ́lá ọmọ mi, ọmọ ọdún 10, ní iṣẹ́ skúù tó fẹ́ kọ nípa ẹ̀, ló bá ń bi mí pé àwọn tó walẹ̀ níbẹ̀ láyé àtijọ́, báwo ni òkúta yẹn ò ṣe wó lù wọ́n, àti pé báwo ni wọ́n ṣe mọ ọjọ́ orí ẹ̀ nígbà tí kò tíì sí ẹ̀rọ. Mi ò mọ ohun tí màá sọ fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Mọ́mì Dàmọ́lá.

ÌDÁHÙN: Mọ́mì Dàmọ́lá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ jèrè wọn. Awalẹ̀pìtàn ni mí, ìbéèrè ọmọ yìí dùn mọ́ mi nínú gan, torí ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá débẹ̀, òkúta ni wọ́n máa ń wò, wọn kì í béèrè ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ inú ilẹ̀ yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Ẹni tí mo fẹ́ kó kọ nípa ẹ̀ ni William Gowland. Lọ́jọ́ tí ọdún 1900 parí, December 31, ọ̀kan nínú àwọn òkúta ńlá yẹn ṣubú tòun ti èyí tí wọ́n gbé lé e lórí, ni ẹ̀rù bá ń ba àwọn èèyàn torí èyí tó ga jù níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní òkúta 56, ti dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tipẹ́, ó ti fara ti òkúta kékeré kan. Ní 1901 wọ́n ní kí Gowland wá bójú tó wíwalẹ̀ ìdí ẹ̀ kí wọ́n lè nà án ró. Iṣẹ́ kùsà àti irin ló kọ́ o, ó ti ṣiṣẹ́ ní Japan fún ọdún pípẹ́, níbẹ̀ ló ti ń wọn àwọn sàréè àtijọ́ kiri tọ́wọ́ ẹ̀ bá dilẹ̀.

Bí kò ṣe wó: wọ́n fi pákó ńláńlá há òkúta náà mọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kan ilẹ̀, wọn ò sì gbẹ́ gbogbo ìdí ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á gbẹ́ apá kan, wọ́n á da kọnkéré sí i, kí wọ́n tó bọ́ sí apá kejì. Bí ẹni ń tún fáǹdéṣọ̀n ilé ṣe tí èèyàn ṣì ń gbé inú ẹ̀ ni.

Gowland tẹ́ férémù onígi tó ti sàmì sí lé orí kòtò, kó lè mọ ibi tí nǹkan kọ̀ọ̀kan wà àti bó ṣe jìn tó, ó wá ní kí wọ́n sẹ́ gbogbo iyẹ̀pẹ̀ yẹn bí ìgbà tá a bá ń sẹ́ gàrí, asẹ́ olójú ńlá, asẹ́ olójú kékeré. Ẹ̀yin ẹ wò ó, ní 1620 Duke ti Buckingham gbẹ́ kòtò ńlá sí àárín ibẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ la gbọ́ nípa ohun tí wọ́n bá, ó sì máa ń dùn mí, torí ilẹ̀ tí wọ́n bá ti gbẹ́, wọ́n ti gbẹ́ ẹ nìyẹn, kò sí bá a ṣe lè dá a padà.

Nínú kòtò Gowland, wọ́n bá àáké òkúta àti òòlù òkúta tó lé ní ọgọ́rùn-ún, àwọn míì wúwo gan, àti ẹ̀rún òkúta tí wọ́n gbẹ́ dànù, ṣùgbọ́n kò sí irinṣẹ́ onírin kankan, àfi àbàwọ́n kékeré kan bí àwọ̀ ewé lára òkúta, òun tó mọ irin ló rí i pé bàbà ni. Ló bá rò ó pé àwọn tó kọ́ ọ òkúta ni wọ́n fi ń gbẹ́ òkúta, bàbà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ni, ó fojú bù ú sí nǹkan bí 1800 kí wọ́n tó bí Jésù. Lónìí, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mọ ọjọ́ orí nǹkan àtijọ́ ní nǹkan bí 2500 kí wọ́n tó bí Jésù ni wọ́n na àwọn òkúta ńlá yẹn ró. Nǹkan bí 700 ọdún ló fi dín, láìsí ẹ̀rọ kankan! Yàrà tó yí ibẹ̀ ká tiẹ̀ dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó tó 3000, ìwo àgbọ̀nrín tí wọ́n fi gbẹ́ ẹ, tí William Hawley tó walẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn Gowland wú jáde láàárín 1919 sí 1926 sì wà lára ohun tí wọ́n fi mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí pé wọ́n tọ́jú ẹ̀.

Gowland tún rí i pé ẹ̀gbẹ́ kan kòtò náà dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀. Ẹ ti rí ibi tí wọ́n ti ń na òpó NEPA ró rí? Wọ́n á la ẹ̀gbẹ́ kan ihò kí ìdí òpó lè rọ́ wọlé, wọ́n á wá fi okùn fà á dìde. Bó ṣe rí náà nìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ ní kó wá òkúta tó ga jù, tó ní ọmú kékeré kan lórí, ibẹ̀ ni wọ́n fi èyí tó wà lókè há sí. Okùn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ sún mọ́ ọn, àmọ́ ẹ máa rí i dáadáa láti ìta. Tẹ́ ẹ bá ráyè, ẹ yà ní Salisbury Museum. Tẹ́ ẹ bá wá délé, ẹ fún Dàmọ́lá ní téèpù, kó wọn ẹsẹ̀ bàtà 30, gígùn òkúta tó ga jù yẹn, sí ilẹ̀ níta, kó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí ẹsẹ̀ bàtà 22: èyí ló wà lókè tí ẹ rí, 8 tó kù ló wà nínú ilẹ̀.