Ṣé Yorùbá nìkan ló ń sọ "àbí", "jàre" àti "wàhálà"?

Rárá o. Tiwa ni "àbí" àti "jàre", àmọ́ wọ́n ti bọ́ sẹ́nu gbogbo Nàìjíríà. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá rárá ń fi "abi" parí ìbéèrè ní Pijin. Kódà ìwé atúmọ̀ èdè Oxford gbà á wọlé ní 2025, òun àti "japa". "Wàhálà" ní tirẹ̀, ọwọ́ Haúsá la ti gbà á.

Àwa Èkìtì náà ń lò wọ́n, àwọn ọ̀rọ̀ tó yí wọn ká ni ẹ̀ka èdè wa fi yàtọ̀ sí Yorùbá àjùmọ̀lò. Ìyá oníṣu l'Ọ́jà Ọba, Adó-Èkìtì, lè pe iṣu ní "usu", kó pe ilé ní "ulé", kó sì fi "àbí" kan náà tí ará Ìbàdàn ń lò kádìí rẹ̀. Yorùbá àjùmọ̀lò kì í fi "u" bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ẹ̀ka èdè wa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì dùn mọ́ mi gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe ọmọ tó ń sọ "ulé" ní ará oko.

Ẹ ṣọ́ "jàre" ṣá o. Láàárín ọ̀rẹ́, kò burú. Bí ọmọdé bá sọ "fi mí sílẹ̀ jàre" fún àgbà, àfojúdi ni.