Èsì: Tábìlì àlejò ní ìparí oṣù Kẹsàn-án

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní àlejò mẹ́fà ń bọ̀ wá jẹun lọ́dọ̀ yín ní Maryland, l'Amẹ́ríkà, ooru ń lọ, òtútù ò sì tíì dé, ẹ wá ń béèrè bí ẹ ṣe máa ṣe tábìlì lọ́ṣọ̀ọ́. Ẹ má wulẹ̀ náwó. Àwo funfun yín ti tó. Ìborùn sányán tẹ́ ẹ ká sínú àpótí yẹn, ẹ tẹ́ ẹ gba àárín tábìlì. Àwọ̀ rẹ̀ jọ ewé tó fẹ́ wọ́. (Ẹ má gbé ọbẹ̀ sórí ẹ̀ o, epo pupa kì í bọ́ lára aṣọ òkè!) Ẹ kó ápù pupa àti elégédé kéékèèké mẹ́ta sínú igbá, kó má ga débi táwọn àlejò ò ní rí ojú ara wọn. Fọ́ọ̀kì lósì, ọ̀bẹ lọ́tùn-ún, kí ojú ọ̀bẹ kọ sí àwo. Òdòdó oníke ńkọ́? Ẹ fi í sílẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù.