AD, BC, AH: ta ni wọ́n ń fi ka ọdún?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, káàdì ìso yìgì kan dé bá wa ní Ẹ̀pẹ́ níbí. Wọ́n kọ oṣù Kejìlá 2024 sí i, wọ́n tún kọ "1446 AH" sábẹ́ rẹ̀. Ọmọ mi ní ṣé àṣìṣe ni. AD tó túmọ̀ sí "lẹ́yìn ikú Jésù" nìkan ni mo mọ̀. Ẹ bá wa là á yé e.

Ìdáhùn: Kì í ṣe àṣìṣe o. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ AD yẹn, torí bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe kọ́ èmi nílé ìwé: A ni after, D ni death. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ọgbọ̀n ọdún ó lé tí Jésù lò láyé ńkọ́? BC ti tán nígbà tí wọ́n bí i, AD ò sì tíì bẹ̀rẹ̀ títí wọ́n fi kàn án mọ́ àgbélébùú. Ibo la ó kó àwọn ọdún yẹn sí? Látìnì ni AD, Anno Domini, "ní ọdún Olúwa". Ìbí ni wọ́n ń kà, kì í ṣe ikú. BC ní tirẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni: kí Kristi tó dé. Ẹ ó rí i tí àwọn ìwé Yorùbá kan kọ ọ́ ní Ṣ.S.K., ṣáájú Sànmánì Kristẹni.

Mọ́ńkì kan, Dionysius Exiguus, ló dá ìṣirò yìí sílẹ̀ ní 525. Kò sí òdo níbẹ̀: 1 BC tán, AD 1 ló kàn. Nítorí náà, ọmọ tí wọ́n bí ní oṣù Kẹta 5 BC, ọdún mẹ́sàn-án péré ló pé ní oṣù Kẹta AD 5. Tẹ́ ẹ bá rí CE (Common Era) dípò AD, àti BCE (Before Common Era) dípò BC, ọdún kan náà ni, wọ́n kàn yọ orúkọ Olúwa kúrò ni.

Ó wá ku AH. Látìnì náà ni, Anno Hegirae, ọdún Hijira, ìgbà tí Ànọ́bì Muhammad ṣí kúrò ní Mẹ́kà lọ sí Mẹ̀dínà ní 622. Ẹ má wulẹ̀ yọ 622 kúrò nínú 2024 o, 1402 lẹ máa bá níbẹ̀. Òṣùpá ni wọ́n fi ń kà á, ọjọ́ 354 tàbí 355 ló ń pé ọdún, ó kúrú ju ọdún ti AD lọ. Ìdí nìyẹn tí iye ọdún wọn fi ju 1402 lọ, tí Iléyá kì í sì í dúró sójú kan.

Ẹ bi àgbàlagbà kan ní Èkó-Ẹ̀pẹ́ léèrè ìgbà tí àwọn bàbá wọn débẹ̀, yóò ní ìgbà Kòsọ́kọ́, ọba Èkó tó sá wá sí Ẹ̀pẹ́, ni. Òun náà ti ka ọdún tirẹ̀ nìyẹn. Òpin 1851 ni wọ́n lé Kòsọ́kọ́ kúrò l'Ékòó. Lójú oníkáàdì yín, 1268 AH ni.