Wọ́n sọ mí di súpáfáísọ̀, ófátáìmù mi sì dúró

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, lọ́yà. Iléeṣẹ́ kan ní Odógúnyán, níbí ní Ìkòròdú, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Láti oṣù kìíní tí wọ́n ti fún mi ní lẹ́tà pé mo di súpáfáísọ̀, ₦15,000 ni wọ́n fi kún owó oṣù mi, àmọ́ wọn ò san ófátáìmù fún mi mọ́. Bẹ́ẹ̀, agogo mẹ́jọ alẹ́ ni mò ń kúrò níbẹ̀. Àbúrò mi tó wà ní Texas ní lọ́dọ̀ àwọn, ẹni tí owó rẹ̀ ò bá tó iye kan, dandan ni ófátáìmù rẹ̀, orúkọ yòówù kí wọ́n pè é. Ṣé a ní irú òfin yẹn?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú wàhálà. Mo máa ń rí àwọn tó ń ṣíwọ́ nírú àsìkò yẹn lójú ọ̀nà Ṣágámù, tí wọ́n dúró de kòrópe nínú òkùnkùn. Ó máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ pé wákàtí yẹn ò lówó lórí.

A ò ní irú òfin yẹn. Ìyẹn ò sọ pé ọ̀gá yín jàre o.

Òótọ́ ni àbúrò yín sọ. Òfin Amẹ́ríkà ti 1938 ní kí wọ́n san owó wákàtí kan àti ààbọ̀ fún gbogbo wákàtí tó bá lé ní 40 lọ́sẹ̀. Kò kan àwọn ọ̀gá, àmọ́ kí wọ́n tó lè ka èèyàn mọ́ ọ̀gá, iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọ̀gá, owó rẹ̀ náà sì gbọ́dọ̀ tó iye kan. Iye yẹn ni àwọn olóṣèlú wọn ń jà lé lórí. $455 lọ́sẹ̀ ni wọ́n fi sí ní 2004. Ìjọba Obama fẹ́ sọ ọ́ di $913 ní 2016, adájọ́ kan ní Texas dá a dúró. Ìjọba Trump gbé e sí $684, ó bẹ̀rẹ̀ ní 2020. Ìjọba Biden fẹ́ kó dé $1,128, kóòtù Texas tún fagi lé e ní oṣù kọkànlá 2024, ni wọ́n bá padà sí $684. Àwọn agbanisíṣẹ́ ní owó náà yóò wọ àwọn oníṣòwò kéékèèké lọ́rùn. Adájọ́ ní iṣẹ́ téèyàn ń ṣe ni òfin ní kí wọ́n wò, pé ìjọba ti fi owó bo iṣẹ́ mọ́lẹ̀. Ní tèmi, àwọn òṣìṣẹ́ ló jàre. Ọjà ń gbówó lórí lójoojúmọ́, iye kan ṣoṣo wá dúró sójú kan fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún!

Ní tiwa, abala 13 nínú Òfin Iṣẹ́ ní wákàtí iṣẹ́ ni èyí tí òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá bá jọ fẹnu kò sí, tàbí èyí tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá bá iléeṣẹ́ dúnàá-dúrà lé lórí. Ohun tó bá lé ni ófátáìmù. Iye tí wọn yóò san, kò sọ. Òfin 2024 tó sọ owó oṣù tó kéré jù di ₦70,000 náà ò fọwọ́ kàn án. Wọn yóò tún iye yẹn wò lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ó sì yẹ káwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ gbé ọ̀rọ̀ ófátáìmù lọ síbẹ̀ nígbà náà.

Fún ìdí èyí, inú ìwé àdéhùn yín lọ̀rọ̀ wà. Ẹ ka lẹ́tà súpáfáísọ̀ yẹn dáadáa: ṣé ó sọ pé ófátáìmù ti parí? Bí kò bá sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀gá ò lè dá a gé. Òfin ní kí wọ́n kọ ìyípadà àdéhùn fún òṣìṣẹ́ láàárín oṣù kan.

Wọ́n lè ní ẹ kì í ṣe òṣìṣẹ́ mọ́, torí abala 91 yọ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ alákòóso kúrò. Ibẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ dúró sí. Ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń gba àwọn tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ síṣẹ́? Ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń buwọ́ lùwé ìsinmi wọn? Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin àti àwọn yòókù lẹ jọ ń gbé páálí, tẹ́ ẹ kàn ń kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ nírọ̀lẹ́, orúkọ lásán ni súpáfáísọ̀ yẹn. Òṣìṣẹ́ lẹ ṣì jẹ́, ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ sí ìsinmi wákàtí kan lóòjọ́ tẹ́ ẹ bá ṣe tó wákàtí mẹ́fà, àti ọjọ́ kan láàárín méje.

Láti òní lọ, ẹ máa kọ ìgbà tẹ́ ẹ wọlé àti ìgbà tẹ́ ẹ jáde sínú ìwé tiyín, kẹ́ ẹ sì ya fọ́tò rósítà. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá, kẹ́ ẹ fi ẹ̀dà kan pamọ́. Bí wọn ò bá dáhùn, Office of the Public Defender ti ìjọba Èkó ń ran èèyàn lọ́wọ́ láìgbowó, National Industrial Court, ìyẹn kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ iṣẹ́, sì wà ní Ìkòyí. Tí wọ́n bá gbé lẹ́tà tuntun wá kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i, ẹ jẹ́ kí lọ́yà kọ́kọ́ kà á.