Nọ́ńbà ara káàdì yẹn, ọ́fíìsì ló ń tọ́ka sí

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè rẹ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dáhùn. O ní àwọn Faransé ló mú bàbá tó bí bàbá rẹ ní Pọ̀bẹ̀ lọ sógun, pé ọwọ́ Jámánì tẹ̀ wọ́n lóṣù kẹfà ọdún 1940, wọn kò sì padà wálé mọ́. Káàdì kan ṣoṣo ló kù nílé yín, òǹtẹ̀ "Frontstalag 153" wà lára rẹ̀, o sì ti rí i kà pé Chartres, nílẹ̀ Faransé, ni ibùdó òǹdè náà wà. O wá ń béèrè pé ṣé kí o fowó jọ lọ wá sàréè wọn ní Chartres ni, àbí kí o kọ̀wé sí Jámánì. Má tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọdún mẹ́fà ni mo fi wá ipasẹ̀ bàbá bàbá tèmi, ọmọ Kétu, mẹ́rin nínú rẹ̀ ló sì ṣòfò nítorí pé mi ò mọ bí wọ́n ṣe ṣètò àwọn ibùdó yẹn káàkiri ilẹ̀ Faransé.

Ohun tí gbogbo ilé wa máa ń sọ ni pé "Bàbá ṣẹ̀wọ̀n lọ́dọ̀ àwọn Jámánì." Èmi náà bá gbà pé Jámánì ni wọ́n kó wọn lọ. Mo kọ lẹ́tà sí ìlú mẹ́ta níbẹ̀, mo sanwó fún ẹni tó bá mi tú u sí èdè wọn. Wọ́n fi sùúrù dá mi lóhùn, ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pé orúkọ náà kò sí. Báwo ni ì bá ṣe wà níbẹ̀?

Ní ilẹ̀ Jámánì fúnra rẹ̀, ètò wọn ò ṣòroó tẹ̀ lé. Dulag ni ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ ń ṣa àwọn tí wọ́n bá mú. Oflag wà fún àwọn ọ̀gá ṣọ́jà, Stalag wà fún àwọn ọmọ ogun lásán àti sájẹ́ǹtì. Wọ́n ti pín orílẹ̀-èdè wọn sí àgbègbè ológun, àgbègbè kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà Róòmù tirẹ̀, ibùdó tó bá wà lábẹ́ rẹ̀ yóò gba nọ́ńbà yẹn pẹ̀lú lẹ́tà kan. Stalag VII A wà ní Moosburg, nítòsí Munich. IV B wà ní Mühlberg. Bí o bá ti rí nọ́ńbà, o mọ apá ibi tó wà. Nínú ṣọ́jà Faransé bíi mílíọ̀nù kan ó lé 800,000 tí wọ́n mú lọ́dún 1940, bíi mílíọ̀nù kan ààbọ̀ ni wọ́n kó lọ sí irú ibùdó bẹ́ẹ̀.

Àwọn tiwa kò sí lára wọn. Ìjọba Hitler kò fẹ́ aláwọ̀ dúdú lórí ilẹ̀ wọn. Wọ́n ń bẹ̀rù àrùn ilẹ̀ olóoru, wọ́n sì ń bẹ̀rù kí ẹ̀jẹ̀ má dà pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀. Kò tíì kúrò lọ́kàn wọn pé lẹ́yìn ogun 1914 sí 1918, ṣọ́jà láti Áfíríkà wà lára àwọn tí Faransé fi ṣọ́ etí odò Rhine, wọ́n sì pariwo rẹ̀ káyé gbọ́ pé ìtìjú ni. Nítorí náà ilẹ̀ Faransé tí wọ́n gbà ni wọ́n fi àwọn òǹdè Áfíríkà sí, kódà èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ti kó kọjá ni wọ́n dá padà. Irú ibùdó yìí ni wọ́n ń pè ní Frontstalag. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹrin 1941, ibùdó 22 ló wà, àwọn ọmọ ilẹ̀ amúnisìn Faransé bíi 69,000 ló sì wà nínú wọn. Ará Àlùjíríà, Mòrókò àti Tùnísíà ló pọ̀ jù; àwa aláwọ̀ dúdú tó bíi 16,000.

Wàyí o, ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn ọ́ gan-an nìyí. Nọ́ńbà Frontstalag kò ní àgbègbè kankan nínú. Ọ́fíìsì ni nọ́ńbà náà jẹ́ tirẹ̀: ọ̀gá ibùdó, akọ̀wé, dókítà, àwọn tó ń yẹ lẹ́tà wò, àti àwọn tó ń pín òǹdè fún iṣẹ́. Bí wọ́n bá ṣí ọ́fíìsì yẹn nípò, nọ́ńbà á bá a lọ. 153 tìrẹ yìí, nínú ìwé kan wàá rí Chartres, nínú òmíràn wàá rí Orléans. Èyí tó tún le jù ni pé ìwọ̀nba èèyàn ló ń gbé nínú wáyà ẹlẹ́gùn-ún ibùdó ńlá. Wọ́n ń fọ́n àwọn yòókù káàkiri ní ẹgbẹ́ oníṣẹ́, tí Jámánì ń pè ní Arbeitskommando. Mẹ́wàá lè wà lóko àgbẹ̀ kan, ọgọ́rùn-ún lè wà nínú igbó, àwọn míì ń tún ọ̀nà ṣe, àwọn míì ń já ẹrù ọkọ̀ ojú irin. Ẹni tó ń sùn sí abà kan níbi tó jìn tó ìrìn ọjọ́ méjì, òǹtẹ̀ ibùdó ńlá ni yóò wà lára lẹ́tà tó bá kọ sílé.

Mi ò mọ èyí. Káàdì bàbá tèmi, 221 ló wà lára rẹ̀, 221 sì jẹ́ Saint-Médard-en-Jalles, lẹ́bàá Bordeaux. Mo wọkọ̀ lọ síbẹ̀. Mo fi odidi ọjọ́ kan rìn láàárín ilé àwọn èèyàn, mo ń béèrè ibi tí ibùdó wà, bí ẹni pé bí mo bá tẹ ilẹ̀ yẹn, nǹkan kan yóò sọ̀rọ̀. N kò rí nǹkan kan. Mo padà wálé, n ò lè jẹun.

Ọ̀rọ̀ tí bàbá fúnra wọn ti sọ ló tún là mí lọ́yẹ. Èmi kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ nígbà yẹn. Nígbà ọyẹ́, bí ikọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dà wọ́n láàmú, wọ́n á ní, "Igbó yẹn ló ṣe mí báyìí." Àwa ọmọ á ní igbó wo ni, Bàbá? Wọ́n á ní igbó tí igi rẹ̀ tò bí àgbàdo, ìlà ìlà, tí a fi ìkòkò amọ̀ kékeré kọ́ mọ́ ara igi kọ̀ọ̀kan, igi náà á sì máa sun omi sínú ìkòkò. Wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ hàn wá, wọ́n á ní oje rẹ̀ kì í ṣí lọ́wọ́, àfi kéèyàn fi eérú fọ̀ ọ́. Àwa rò pé àlọ́ àgbà ni. Ọdún kẹrin tí mo ti ń wá wọn kiri ni mo rí àwòrán igbó Landes, gúúsù ìwọ̀-oòrùn Faransé: igi páìnì tí wọ́n gbìn ní ìlà ìlà, ìkòkò amọ̀ lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tí wọ́n fi ń gba oje. Mo pariwo nílé. Ìyàwó mi sáré jáde wá láti ilé ìdáná.

Láti ìgbà yẹn, mo fi ìlú sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹgbẹ́ oníṣẹ́. Ní Landes yẹn, ibùdó mìíràn tún wà, 195, ní Onesse-Laharie. 222 wà ní Bayonne. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú lọ sí apá ibẹ̀ nítorí òtútù kò le tó ti àríwá, síbẹ̀ ikọ́ ẹ̀gbẹ pa èèyàn nínú wọn lọ jàra. Wọ́n sì máa ń gbé wọn láti ibùdó kan sí òmíràn. Léopold Sédar Senghor, tó padà wá di ààrẹ Senegal, wọ́n mú un ní La Charité-sur-Loire ní ogúnjọ́ oṣù kẹfà 1940, ó wà ní 230 ní Poitiers, wọ́n tún gbé e lọ sí 221 kan náà tí bàbá mi wà, wọ́n tó dá a sílẹ̀ lóṣù kejì 1942 nítorí àìsàn. Bí wọ́n bá gbé ẹni tó gbajúmọ̀ báyẹn kiri, mélòó mélòó wá ni ọmọ àgbẹ̀ láti Pọ̀bẹ̀?

Bí o ṣe máa wá a nìyí. Kọ́kọ́ lọ sórí ìkànnì Mémoire des hommes ti ìjọba Faransé, ọ̀fẹ́ ni. Orúkọ àwọn tó kú lójú ogun náà wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà lọ sí Gallica, ibi ìkówèésí Faransé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí o wá ìwé tí wọ́n pè ní Liste officielle des prisonniers français. Láàárín 1940 sí 1941 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ léraléra, wọ́n to orúkọ, ọjọ́ ìbí, ẹgbẹ́ ọmọ ogun àti ibùdó síbẹ̀. Ìwé àwọn òǹdè wà ní ìlú Caen lábẹ́ Service historique de la Défense, ilé àkójọ ìwé ológun Faransé. Fáìlì àwọn ṣọ́jà fúnra wọn, ìlú Pau ni kí o kọ̀wé sí. Àwọn Àgbélébùú Pupa ní Geneva ní káàdì tiwọn, ṣùgbọ́n ìgbà kọ̀ọ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn fún ìbéèrè nípa ogun yẹn, iye tí wọ́n ń gbà sì níwọ̀n, nítorí náà máa ṣọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi dúró pátápátá. Ohun tí etí akọ̀wé Faransé bá gbọ́ ló ń kọ. Adéṣínà á di Adéchina, Ògúndélé á di Ogoundélé, nígbà míì wọ́n á fi orúkọ abúlé ṣe orúkọ bàbá. Kọ gbogbo ọ̀nà tí Faransé lè gbà kọ orúkọ bàbá rẹ sórí ìwé, tèmi lé ní ogún, kí o sì wá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Níbi ẹ̀yà, "Nago", orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá, ni wàá rí. Má wá "Dahomey", orúkọ àtijọ́ ilẹ̀ Benin, nìkan: gbogbo aláwọ̀ dúdú, ibi yòówù kó ti wá, "Sénégalais" ni wọ́n ń pè é. Níbi ọjọ́ ìbí, "vers 1914" tàbí "vers 1916" ni wàá bá pàdé, torí kò sẹ́ni tó kọ ọjọ́ náà sílẹ̀. (Mo rántí pé nílé wa, àwọn kan sá kọjá sí Ìmẹ̀kọ lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí Faransé má bàa mú wọn lọ sógun. Bàbá tèmi ní àwọn ò sá torí ìyá wọn ń ṣàìsàn. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì máa ń dùn mí.)

Ó yẹ kí n sọ èyí tó le fún ọ náà, torí o ní wọn kò padà wálé. Ó lè jẹ́ àìsàn ló pa wọ́n níbùdó. Ó lè jẹ́ pé wọ́n sá wọ igbó lọ bá àwọn tó ń bá Jámánì jà, àwọn kan ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn kan kò sì dé ibùdó rárá. Lóṣù kẹfà yẹn, níbi púpọ̀, àwọn Jámánì ya aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára òyìnbó lẹ́yìn tí wọ́n ti juwọ́ sílẹ̀, wọ́n sì yìnbọn pa wọ́n. Ní Chasselay, lẹ́bàá Lyon, ṣọ́jà dúdú 188 ló sùn sí ibi ìsìnkú tí wọ́n ń pè ní Tata. Ní Chartres tìrẹ yẹn, ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹfà, Jámánì ní kí Jean Moulin, aṣojú ìjọba níbẹ̀, fọwọ́ sí ìwé irọ́ pé àwọn ṣọ́jà dúdú ló pa àwọn obìnrin. Wọ́n lù ú, kò fọwọ́ sí i, ó sì fi dígí ya ọrùn ara rẹ̀ kí wọ́n má bàa rí i fipá mú. Mo máa ń sọ orúkọ ọkùnrin yìí fún àwọn ọmọ mi. Ṣùgbọ́n káàdì tó wà lọ́wọ́ rẹ fi hàn pé bàbá rẹ la oṣù kẹfà yẹn kọjá, kí ọkàn rẹ balẹ̀ níbi yẹn.

Ohun kan wà tí bàbá mi kò lè dárí jì títí wọ́n fi kú. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 1943, Jámánì ní kí àwọn ọ̀gá Faransé fúnra wọn wá máa ṣọ́ àwọn òǹdè Áfíríkà níbi iṣẹ́, kí ṣọ́jà Jámánì lè ráyè lọ ojú ogun, ìjọba Vichy, ìyẹn ìjọba Faransé tó ń bá Jámánì ṣe, sì gbà. Ẹni tí o jà fún, òun ló tún dúró tì ọ́ pẹ̀lú ìbọn. Nígbà tí wọ́n tú wọn sílẹ̀ lọ́dún 1944, owó oṣù gbogbo ọdún ìgbèkùn kò pé. Ní Morlaix, èbúté kan nílẹ̀ Faransé, bíi 315 kọ̀ láti wọ ọkọ̀ ojú omi àfi kí wọ́n san án. Àwọn tó wọ̀ ọ́ dé Dakar, ní Thiaroye, ní ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá, àwọn ọmọ ogun Faransé yìnbọn lù wọ́n nítorí owó yẹn. 35 ni ìjọba kọ́kọ́ sọ pé ó kú. Lọ́dún 2014, François Hollande, ààrẹ Faransé nígbà yẹn, fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó lé ní 70. Nítorí náà bí o kò bá rí bàbá rẹ nínú ìwé ibùdó lẹ́yìn 1943, wá wọn nínú ìwé àwọn tó wọkọ̀ padà. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ẹni tó bá ti kúrò ní Frontstalag ti délé.

Lálẹ́ òní, yí káàdì náà padà. Lẹ́yìn orúkọ ẹni tó kọ ọ́, nọ́ńbà kan yóò wà tí kì í ṣe 153. Nọ́ńbà bàbá rẹ gan-an nìyẹn, òun náà ni wọ́n ń tẹ̀ sára irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi kọ́ òǹdè lọ́rùn, èyí tí wọ́n lu ihò sí láàárín kí wọ́n lè ṣẹ́ ìlàjì rẹ̀ tó bá kú. Nọ́ńbà yẹn sábà máa ń tẹ̀ lé èèyàn láti ibùdó dé ibùdó, ju orúkọ tí akọ̀wé bà jẹ́ lọ. Ya àwòrán iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀, kí ọjọ́ ara òǹtẹ̀ hàn dáadáa, kí o fi ránṣẹ́ sí mi. Màá jókòó tì í lọ́jọ́ Sátidé.