Mo ń gbàdúrà, mo ń gbààwẹ̀, síbẹ̀ mo tún ń ṣubú: báwo lèèyàn ṣe ń ṣọ́nà gan-an?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, Pásítọ̀. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti di àtúnbí, mo sì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tí mo ti kọ̀ sílẹ̀ àìmọye ìgbà, fídíò oníhòòhò lórí fóònù ni. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ jù ni pé ìgbà tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ààwẹ̀, tàbí tí mo bá ti àìsùn dé, ìgbà yẹn gan-an ló máa ń ṣẹlẹ̀. Mi ò kì í mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, mo kàn máa ń rí i pé mo ti wà nínú ẹ̀ ni. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń sọ fún wa pé ká máa ṣọ́nà, ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń ṣọ́nà gan-an? Ṣé kí n fi kún àdúrà mi ni?

ÌDÁHÙN: Arákùnrin mi, ẹ ṣé tí ẹ kọ̀wé. Àwọn tó wà nínú irú nǹkan yìí tí wọn ò lè sọ ọ́ síta pọ̀ gan-an, tọkùnrin tobìnrin o, àwọn míì nínú wọn ló ń darí àdúrà fáwọn ẹlòmíì, torí náà ẹ má rò pé ẹ̀yin nìkan lẹ dá wà níbẹ̀.

Kí n dáhùn ìbéèrè tó gbẹ̀yìn ná. Mi ò ní sọ pé kẹ́ ẹ dín àdúrà kù láéláé, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ohun tí mo rí nínú lẹ́tà yín, ibi tí nǹkan ti ń jò kọ́ nìyẹn. Nínú Mátíù 26:41, Jésù ní kí wọ́n máa ṣọ́nà, kí wọ́n sì máa gbàdúrà. Nígbà tí Nehemáyà àtàwọn èèyàn ẹ̀ ń mọ odi Jerúsálẹ́mù táwọn ọ̀tá ń halẹ̀ mọ́ wọn, orí 4 ẹsẹ 9 sọ pé wọ́n gbàdúrà sí Ọlọ́run, wọ́n sì yan olùṣọ́ tọ̀sán-tòru. Ká ní wọ́n gbàdúrà tán tí gbogbo wọn wá lọ sùn ńkọ́? Ẹ̀yin náà ń gbàdúrà, mo gbà bẹ́ẹ̀, olùṣọ́ ni ò sí níbẹ̀.

Ẹ wá sọ ọ́ fúnra yín pé ẹ kì í mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ ká dúró síbẹ̀ dáadáa torí ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ẹ jẹ́ ká wo Pétérù. Tí wọ́n bá ní ẹnì kan ṣubú nínú Bíbélì, òun la máa kọ́kọ́ dárúkọ, a ó ní ó sẹ́ Jésù lẹ́ẹ̀mẹta, a ó sì máa sọ ọ́ bíi pé ìgbà tí ọmọbìnrin ìránṣẹ́ yẹn bi í léèrè ni wàhálà dé. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ẹ ka Lúùkù 22 àti Mátíù 26 pa pọ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n jẹun tán ló kọ́kọ́ fọ́nnu pé bí gbogbo èèyàn bá kọsẹ̀, òun ò ní kọsẹ̀ láé. Lẹ́yìn náà, nínú ọgbà Gẹtisémánì, níbi tí Jésù ti ń gbàdúrà, oorun ló ń sùn, Jésù padà wá jí i, ó tún sùn. Nígbà tí wọ́n wá mú Jésù lọ, ó ń tẹ̀ lé wọn, ṣùgbọ́n òkèèrè ló wà. Ó dé àgbàlá àlùfáà àgbà, òtútù ń mú, wọ́n dá iná, ó jókòó ti àwọn tó wá mú Ọ̀gá ẹ̀, ó ń yáná pẹ̀lú wọn. Ẹ wá sọ fún mi, pẹ̀lú gbogbo ibi tó ti gbà kọjá yẹn, báwo ló ṣe fẹ́ dáhùn ìbéèrè ọmọbìnrin yẹn dáadáa? Ìgbà tí ìbéèrè yẹn fi máa dé, ó ti ń ṣubú bọ̀ láti àṣálẹ́.

Ẹ tún wo àwọn méjèèjì nígbà táwọn ọmọ ogun dé inú ọgbà. Jésù tó ti gbàdúrà títí tí òógùn ẹ̀ fi dà bí ẹ̀jẹ̀, ara ẹ̀ balẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ló lọ pàdé wọn. Pétérù tó ti ń sùn, idà ló fà yọ, ó gé etí ẹni ẹlẹ́ni. Ìdẹwò kan náà ló dé bá àwọn méjèèjì lálẹ́ ọjọ́ kan náà o, ọ̀kan ti múra sílẹ̀ kó tó dé, èkejì ń wá agbára nígbà tó ti dé tán. Àpọ́sítélì kan náà yìí ló wá kọ ọ́ lẹ́yìn náà nínú 1 Pétérù 5:8 pé ká máa ṣọ́ra, torí Èṣù ń rìn káàkiri bíi kìnnìún, ó ń wá ẹni tó máa pa jẹ. Ó mọ ohun tó ń sọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí tiyín. Mi ò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n báwọn tó ń wá bá mi ṣe máa ń ròyìn ẹ̀ nìyí. Ẹ ti àìsùn dé, ó ti rẹ̀ yín tẹnutẹnu, inú yín dùn torí àdúrà gbóná. Ẹ dùbúlẹ̀, ẹ pa iná, fóònù wà lọ́wọ́ torí ẹ fẹ́ dá ẹnì kan lóhùn lórí WhatsApp. Ẹ dá a lóhùn tán. Ó yẹ kẹ́ ẹ gbé e sílẹ̀ ṣùgbọ́n ẹ ò gbé e sílẹ̀, ẹ bọ́ sórí Facebook, àtàǹpàkò ń ti nǹkan lọ sókè, fídíò ìwàásù kan, fídíò àwàdà kan, obìnrin kan tó ń jó. Ẹ sún un kọjá. Ẹ tún dá a padà, ẹ ní ẹ kàn fẹ́ wò ó bóyá ẹ mọ̀ ọ́n. Láti ibẹ̀ ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá irú ẹ̀ fúnra yín, ìgbà tó máa fi di wákàtí kan ẹ ti wà níbi tẹ́ ẹ ti búra pé ẹ ò ní dé mọ́. Jákọ́bù 1:14 àti 15 gan-an nìyẹn, ìfẹ́kùfẹ̀ẹ́ ara ẹni ló ń fa èèyàn lọ, ìfẹ́kùfẹ̀ẹ́ yẹn á lóyún, á bí ẹ̀ṣẹ̀. Oyún kì í di ọmọ lọ́jọ́ kan. Ẹ̀yin ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ibi tí ọmọ ti ń jáde, mo fẹ́ kẹ́ ẹ wá máa ṣọ́ ibi tí oyún ti ń dúró, ìyẹn ìgbà tẹ́ ẹ dá ẹni yẹn lóhùn tán tí fóònù ṣì wà lọ́wọ́ yín nínú òkùnkùn.

Torí náà iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ fún yín nìyí. Ẹ mú bébà, ẹ kọ bí ìgbà tẹ́ ẹ ṣubú kẹ́yìn ṣe lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ ti máa kọ ọ́ bọ̀. Kí lẹ ṣe kó tó ṣẹlẹ̀? Kí tìyẹn tó ńkọ́? Níbo lẹ wà, ta ló wà nílé, kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ṣé ẹnì kan bí yín nínú ni, ṣé ẹ dá wà ni? Ẹ kọ ìgbà tó ṣáájú ìyẹn náà. Tẹ́ ẹ bá kọ bíi mẹ́ta, ẹ máa rí i pé ọ̀nà kan náà ló máa ń gbà wọlé, ẹ wá máa mọ ibi tẹ́ ẹ máa yan olùṣọ́ sí.

Ẹ sọ pé lẹ́yìn ààwẹ̀ àti àìsùn ló ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń ká mi lára torí ó ń jẹ́ káwọn èèyàn rò pé Ọlọ́run ò gba ààwẹ̀ àwọn. Nǹkan méjì ni mo sábà máa ń rí níbẹ̀. Ìkíní, ara ló ti rẹ̀. Èlíjà pe iná sọ̀kalẹ̀ lórí òkè Kámẹ́lì nínú 1 Ọba 18, ní orí 19 tó tẹ̀ lé e ó ti ń sá fún Jésíbẹ́lì, ó jókòó sábẹ́ igi ó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Ẹ wo ohun tí áńgẹ́lì ṣe fún un, kò bá a wí, kò ní kó tún gbààwẹ̀ sí i, ó fún un ní oúnjẹ àti omi, ó jẹ́ kó sùn, ó tún jí i kó jẹun lẹ́ẹ̀kejì. Jésù náà, ẹ̀yìn ààwẹ̀ 40 ọjọ́ tí ebi ti wá ń pa á ni Èṣù wá bá a sọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ìkejì ni pé tí àdúrà bá gbóná, ọkàn wa máa ń sọ fún wa pé a ti borí, ó ti tán, la bá ju ohun ìjà sílẹ̀. 1 Kọ́ríńtì 10:12 sọ pé kí ẹni tó bá rò pé òun dúró kíyè sára kó má ṣubú. Lúùkù 4:13 sì sọ pé nígbà tí Èṣù dán Jésù wò tán, ó fi í sílẹ̀ fúngbà díẹ̀ ni, ẹ gbọ́, fúngbà díẹ̀. Tí Jésù fúnra ẹ̀ bá borí tí Èṣù ṣì ń wá àyè míì, àwa ńkọ́? Torí náà tẹ́ ẹ bá ń ṣètò ààwẹ̀ tàbí àìsùn, ẹ ṣètò bí ẹ ṣe máa sinmi lẹ́yìn ẹ̀ náà. Ẹ jẹun, ẹ sùn, fóònù ò sì gbọ́dọ̀ wọ yàrá lọ́jọ́ yẹn rárá.

Ọ̀rọ̀ fóònù yìí, mi ò ní fi bọpo bọyọ̀ o. Àwọn kan wà tí wọ́n ń de ẹ̀mí àìmọ́ lálaalẹ́, fóònù yẹn sì wà lábẹ́ ìrọ̀rí wọn. Mi ò sọ pé kò sí Èṣù, ó wà, ṣùgbọ́n Róòmù 13:14 ní ká má ṣe pèsè sílẹ̀ fún ẹran ara, ta ló sì ń pèsè sílẹ̀ tí kì í bá ṣe àwa fúnra wa? Ẹ máa gba iná sí i ní pálọ̀. Tó bá jẹ́ torí áláàmù lẹ ṣe ń gbé e wọ yàrá, ẹ ra aago. Ẹ yọ áàpù tó ń gbé yín lọ síbẹ̀ kúrò, kì í ṣe pé kẹ́ ẹ jáde nínú ẹ̀, ẹ yọ ọ́. Ẹ fi nǹkan tó ń dí irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ sórí fóònù, kí ẹlòmíì sì fi páswọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ̀yin ò mọ̀ sí i. Á ni yín lára, mo mọ̀. Jósẹ́fù náà fi aṣọ sílẹ̀ sọ́wọ́ ìyàwó Pọ́tífárì ó sì sá jáde, ṣùgbọ́n kọ́jọ́ yẹn tó dé, Jẹ́nẹ́sísì 39:10 sọ pé ojoojúmọ́ lobìnrin yẹn ń bá a sọ ọ́, Jósẹ́fù ò gbà láti bá a sùn, kò tiẹ̀ gbà láti wà lọ́dọ̀ ẹ̀. Ó ti ń sá tipẹ́ kó tó di pé ó sá.

Àdúrà wá ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó ṣáájú. Nínú àdúrà Olúwa, ibi kan náà tá a ti ń béèrè oúnjẹ òòjọ́ wa la ti ń sọ pé kó má fà wá sínú ìdẹwò, a jẹ́ pé àdúrà ojoojúmọ́ ni, tójú èèyàn ṣì mọ́lẹ̀ kedere. Ẹ dárúkọ wákàtí yẹn fún Ọlọ́run láàárọ̀, ẹ ní, Baba, tí mo bá délé lónìí tó ti rẹ̀ mí, ẹ ràn mí lọ́wọ́ kí n gbé fóònù sílẹ̀. Irú àdúrà yìí kúrú, ẹ sì máa rántí ẹ̀ nígbà tí wákàtí náà bá dé.

Èyí tẹ́ ẹ ò fẹ́ gbọ́ ló kù. Ẹ nílò ẹnì kan. Lálẹ́ ọjọ́ tí ìdààmú Jésù pọ̀ jù, ó mú mẹ́ta dání wọnú ọgbà, ó ní kí wọ́n bá òun ṣọ́nà. Ọmọ Ọlọ́run ló ń wá ẹni tó máa jókòó ti òun o, ẹ̀yin wá fẹ́ dá a ṣe? Ẹ wá ọkùnrin kan tó dàgbà nínú Olúwa, tẹ́nu ẹ̀ mọ́, kì í ṣe gbogbo ẹgbẹ́ akọrin. Ẹ má sì dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá ṣubú tán kẹ́ ẹ tó pè é, ìgbà tó bá ti rẹ̀ yín tẹ́ ẹ dá wà nílé ni kẹ́ ẹ fi mẹ́sẹ́èjì ránṣẹ́ sí i. Ó lè pè yín padà, ó lè má tètè rí i, ṣùgbọ́n ẹ ti jáde nínú ìkọ̀kọ̀, inú ìkọ̀kọ̀ yẹn sì ni nǹkan yìí ti ń lágbára.

Tẹ́ ẹ bá tún wá ṣubú, ẹ má sá fún Ọlọ́run. Mo mọ àwọn tó jẹ́ pé tó bá ti ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, wọn ò ní gbàdúrà mọ́ títí di Sunday, wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ́ díẹ̀ ná, láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn ni wọ́n tún wá ń ṣubú lemọ́lemọ́. 1 Jòhánù 1:9 ò ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dúró. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, lórí ìkúnlẹ̀, ẹ jẹ́wọ́ ẹ̀, ẹ pe arákùnrin yẹn láàárọ̀. Kí àkùkọ tó kọ, kí Pétérù tó sẹ́, Jésù ti sọ fún un nínú Lúùkù 22:32 pé òun ti gbàdúrà fún un kí ìgbàgbọ́ ẹ̀ má yẹ̀. Àti pé kí èrò burúkú kàn gba ọkàn yín kọjá, ìyẹn ò tíì di ẹ̀ṣẹ̀, Hébérù 4:15 sọ pé wọ́n dán Jésù náà wò lọ́nà gbogbo, kò sì dẹ́ṣẹ̀.

Ní ti ẹgbẹ́ akọrin, ẹ lọ bá pásítọ̀ yín ní kọ̀rọ̀. Tó bá ní kẹ́ ẹ sinmi díẹ̀, ẹ gbà á tayọ̀tayọ̀. Tẹ́ ẹ bá sì rí i pé pẹ̀lú gbogbo èyí, nǹkan ọ̀hún ti ń gba oorun yín àti iṣẹ́ yín, ẹ lọ rí dókítà tàbí olùgbaninímọ̀ràn tó kọ́ṣẹ́ ẹ̀, kò ta ko ìgbàgbọ́. Ṣùgbọ́n bébà yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ lọ́sẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ fi han ẹni tẹ́ ẹ bá yàn, kẹ́ ẹ sì kọ̀wé sí mi padà kí n mọ ibi tẹ́ ẹ bá a dé.