Mēchanáomai: ẹ ronú "dọ́gbọ́n"

Àbúrò tó bèèrè bóyá "tan èèyàn jẹ" ni mēchanáomai, fáàbù (ọ̀rọ̀-ìṣe) èdè Gíríìkì àtijọ́, túmọ̀ sí àbí "kọ́ nǹkan", tó tún ní kí ló dé tó fi jọ passive (ìrísí tó ń sọ pé wọ́n ṣe nǹkan sí olùwà), jọ̀ọ́ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi torí fáàbù yìí ti jẹ́ kójú mi rí màbo. Ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ Gíríìkì, wọ́n fún wa ní ibi tí Telemachus, ọmọ Odysseus, ti ń ráhùn fún Nestor, ọba àgbà, nínú Odyssey, ewì gígùn Homer, nípa àwọn tó ń dù láti fẹ́ ìyá ẹ̀, pé atásthala mēchanóōntai (atásthala ni ìwà ibi). Mo rí -ntai níparí, tó jọ ti passive, mo bá kọ ọ́ pé wọ́n ń pète ibi sí wọn. Rárá o, àwọn gan-an ló ń pète ibi! Olùkọ́ fi bírò pupa fagi lé gbólóhùn yẹn látòkè délẹ̀, mo sì sunkún lọ́jọ́ náà.

Aṣọ middle (ìrísí tó sábà máa ń jọ passive) ló máa ń wọ̀, àmọ́ ẹni tó ń hùwà ló ń sọ. Active ẹ̀ (ìrísí tí ọ̀pọ̀ fáàbù máa ń ní) ṣọ̀wọ́n gan-an, Homer lò ó nínú mēchanóōntas ní ìwé 18 Odyssey. Mọ àwọn yìí sórí: mēchanômai, future (ọjọ́ iwájú) mēchanḗsomai, aorist (ohun tó ṣẹlẹ̀ kọjá) emēchanēsámēn, perfect (ohun tó ti parí) memēchánēmai. Perfect yẹn ni kó o ṣọ́ra fún, ó lè jẹ́ "ó ti dọ́gbọ́n ẹ̀", ó sì lè jẹ́ passive lóòótọ́, wò ó bóyá èèyàn ni olùwà ẹ̀ àbí nǹkan. Nínú mēchanáomai tó di mēchanômai, a pẹ̀lú o á di ō, bá a ṣe ń sún "dá ọgbọ́n" kì di dọ́gbọ́n náà ni, Homer kàn máa ń fà á gùn ni, mēchanóōntai, níbi tí àwọn ará Áténì á ti sọ pé mēchanôntai.

Ní ti ìtumọ̀, inú mēchanḗ ló ti wá, ìyẹn ọ̀nà àbí ẹ̀rọ, Látìn-ìn gbà á, òun náà ló rìn títí tó fi di mẹkáníìkì tó ń tún mọ́tò ṣe ládùúgbò wa. Mẹkáníìkì á dọ́gbọ́n sí ẹ́ńjìnnì, olè náà á dọ́gbọ́n wọlé, ọ̀rọ̀ kan náà! Nínú Iliad, ewì Homer míì lórí ogun Troy, ìwé 8, teíchea, ògiri, ni Hector, jagunjagun Troy, sọ pé àwọn Gíríìkì mēchanóōnto, kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀, wọ́n kọ́ ọ ni. Torí náà, kọ atásthala àti teíchea sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn sínú ìwé ẹ, tó o bá tún ti pàdé fáàbù yìí, kọ́kọ́ wá ohun tí wọ́n ń dọ́gbọ́n ẹ̀ kó o tó túmọ̀ ẹ̀.